Iṣẹ́ Ayàwòrán Lórí Pápá Ìṣeré

Bí a bá dárúkọ eré ìdárayá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ẹni tí ó borí: iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé, àsìkò tí wọ́n fi sáré, ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé ife fún. Ìròyìn ni èyí, ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n máa ń lọ sí pápá ìṣeré láti lọ wo ohun mìíràn. Búrọ́ṣì àti ọ̀dà ni ohun èèlò wọn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí iṣan ọrùn asáré ṣe ń le, bí ejìká ẹni tí ń ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń rọ̀ nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, bí ẹgbàágbèje òǹwòran ṣe ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ni ayàwòrán eré ìdárayá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé: nígbà tí kámẹ́rà ti wà, kí ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí tún wà fún? Kí sì ni ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yorùbá nínú rẹ̀? Ìdáhùn kan ni àlàyé yìí yóò máa lépa: èsì ìdíje ni ìròyìn ń tọ́jú, ènìyàn ni àwòrán ń tọ́jú. Ìlú tí ó bá tọ́jú èsì nìkan yóò mọ iye ife tí ó gbà, ṣùgbọ́n yóò gbàgbé àwọn tí ó gbà á.

Iṣẹ́ tí ó ti pẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀làjú òde òní ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní Beni Hasan ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn ibojì kan wà tí wọ́n ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún. Àwọn oníjàkadì ni wọ́n yà sí ara ogiri ọ̀kan nínú wọn, ní méjìméjì. Ìso kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, wọ́n sì ju 200 lọ. Ẹni tí ó bá tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rí bí ẹnì kan ṣe di ẹnìkejì mú, bí ó ṣe gbé e, àti bí ó ṣe dá a. Ní ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìkòkò tí ó kún fún òróró ólífì ni wọ́n fi ń ta àwọn tí ó borí lọ́rẹ, wọn a sì ya àwòrán eré tí ẹni náà ṣe sí ara ìkòkò. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ààfin Ọba Bìní, àwọn tí ń rọ idẹ ṣe pátákó kan tí ó fi àwọn eléré amufi hàn, àwọn tí wọ́n máa ń fi okùn rọ̀ sórí igi gíga láti dárà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn baba wa gbà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti agbẹ́gilére. Ihò méjìlá àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ni eré ayò fẹ́. Ihò tí a gbẹ́ sí ilẹ̀ lásán tó o ṣe. Síbẹ̀, agbẹ́gilére a gbẹ́ ọpọ́n, a fín in, a fi ọ̀ṣọ́ sí i, nítorí ó mọ̀ pé eré ọlọ́gbọ́n ni, ó sì fẹ́ fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yẹ́ ọ̀ta àti ọ̀pẹ tí yóò jókòó tì í sí.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Títí di òní ni oríkì àwọn ọmọ Ọ̀fà so mọ́ ìjàkadì. Bí a bá sì fetí sí oríkì akíkanjú, kì í ṣe iye ẹni tí ó dá lulẹ̀ ni à ń gbọ́ jù. Ìṣesí rẹ̀ ni à ń gbọ́: bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń wo ènìyàn, ohun tí ìbínú rẹ̀ jọ. Ẹ wo orúkọ tí Yorùbá fún ẹni tí ń ja ìjà ẹ̀ṣẹ́: abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Orúkọ yìí kò sọ pé ẹni náà borí, kò sì sọ pé wọ́n borí rẹ̀. Àwòrán ni ó jẹ́: ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀, kò dá, kò ṣeé kà, ó ń kù bí òjò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti fi ẹnu ṣe ohun tí ayàwòrán ń fi búrọ́ṣì ṣe. Nítorí náà, ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbàdàn ní àárín ọdún 1960 sí 1964

Ní ọdún 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ Pápá Ìṣeré Liberty sí Ìbàdàn, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, dojú kọ Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nínú pápá náà. Ipò àgbáyé tí Dick Tiger ti gbà lọ́wọ́ Fullmer ní ọdún 1962 ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìgbà kẹta tí àwọn méjèèjì yóò pàdé nìyẹn. Nígbà tí ipele keje parí, Fullmer kò lè jáde wá mọ́, ìjà sì parí síbẹ̀. Ìbàdàn kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ní Ìbàdàn kan náà, ní àdúgbò Dùgbẹ̀, ẹgbẹ́ Mbari ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961. Níbẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti J. P. Clark ti ń bá àwọn ayàwòrán bíi Demas Nwoko àti Uche Okeke pàdé. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ yìí pàtẹ iṣẹ́ Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ẹni tí a mọ̀ jù fún ọgọ́ta àwòrán tí ó fi sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn dúdú ṣe ń ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Lawrence padà wá ní ọdún 1964 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò ní Nàìjíríà, ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ọjà àti òpópónà ni ó yà: àwọn ènìyàn tí wọ́n há mọ́ ara wọn, tí ẹrù wà lórí wọn, tí gbogbo ara wọn ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe Nàìjíríà ni ó kọ́ ọ ní ọnà yìí, nítorí ó ti ń fi àwọ̀ gbígbóná àti ìlà tí ó mú ṣàṣà yàwòrán kí ó tó dé ibí. Ohun tí Nàìjíríà fún un ni ojú tuntun tí yóò fi wo ara ènìyàn tí ń ṣe làálàá.

Àwọn asáré márùn-ún

Nígbà tí ìlú Munich ní Jámánì fẹ́ gba ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1972 lálejò, wọ́n ké sí àwọn ayàwòrán láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé kí wọ́n ṣe àwòrán ìpolówó fún un. Lawrence wà lára wọn. Àwòrán tí ó ṣe kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Asáré márùn-ún ni, ọkùnrin dúdú ni gbogbo wọn, ọ̀pá eré ìje sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń sún mọ́ òpin eré. Ojú wọn fún pọ̀, iṣan ara wọn le, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn kò ní ṣàì rántí ọdún 1936. Jámánì ni ó gba ìdíje náà lálejò nígbà yẹn pẹ̀lú, ní Berlin, lábẹ́ ìjọba Hitler tí ń kéde pé àwọn aláwọ̀ funfun kan ga ju gbogbo ènìyàn lọ. Jesse Owens, ọmọ dúdú láti Amẹ́ríkà, sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́rin mọ́ wọn lójú. Ṣùgbọ́n Lawrence kò ya Owens, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ara àwọn asáré rẹ̀. Ìsapá ni ó yà. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó gba wúrà ni ó yà, ìyìn ẹni náà ni àwòrán yóò jẹ́. Nítorí pé àwọn márùn-ún ni ó yà, tí kò sí ẹni tí ó rọrùn fún nínú wọn, àwòrán náà di ti gbogbo ẹni tí ó ti sáré rí, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní tàbí ẹni tí ó kẹ́yìn.

Ọ̀bẹ tí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé Ernie Barnes ni a kò sọ òwe yìí fún. A bí i ní ọdún 1938 ní Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé dání sáré, ni ó fi ń jẹun ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó gbá a fún San Diego Chargers àti Denver Broncos. Ṣùgbọ́n ó ti kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ agbẹ́gilére, Ed Wilson, sì ti fún un ní ìmọ̀ràn kan tí kò gbàgbé títí ó fi kú ní ọdún 2009: kí ó máa kíyè sí ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá wà lórí pápá, nítorí níbẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ wà.

Bí Barnes bá ya agbábọ́ọ̀lù tí ó fò, apá ẹni náà yóò gùn ju apá ènìyàn lọ, ọrùn rẹ̀ yóò fà, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé kò mọ bí a ti ń wọn ara ènìyàn ni. Ó mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà máa ń rí bí apá ti gùn tó. Ẹni tí ó na apá náà nìkan ni ó mọ bí ibi tí ó nà án dé ti jìnnà tó. Jíjìnnà yẹn ni Barnes ń yà. Ó tún máa ń di ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé a kì í rí ìwà inú ọmọnìkejì wa, ojú wa dì sí i. Nígbà tí Los Angeles gba ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1984 lálejò, òun ni wọ́n yàn ní ayàwòrán ìdíje náà.

A lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ níhìn-ín. Fọ́tò a máa mú ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì dá a dúró. Ayàwòrán lè kó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sínú ìlà kan: ibi tí ara ti ń bọ̀, ibi tí ó wà, àti ibi tí ó ń lọ.

Àwọn tí ń lọ wòran

Ayàwòrán kan tilẹ̀ wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ya eré náà rárá. Ní ọdún 1953, L. S. Lowry ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya àwòrán àwọn tí wọ́n ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Burnden ní ìlú Bolton. Ènìyàn kéékèèké ni wọ́n, wọ́n tẹríba, wọ́n ń rìn wọlé láti ọ̀nà gbogbo, èéfín ilé iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. A kò rí agbábọ́ọ̀lù kankan tí a lè dárúkọ. Ní ọdún 2022 ni a ta àwòrán yìí ní mílíọ̀nù 7.8 pọ́n-ùn, ilé ìpàtẹ The Lowry ní Salford ni ó sì rà á, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i. Pápá Burnden fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ti wó o. Àwòrán ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé Ìbàdàn ní ọdún 1976, ọdún tí ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars gba ife Áfíríkà tí àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn máa ń dù nígbà náà, tí kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tí ó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Mudaṣiru Lawal ń bẹ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. A ní èsì ọdún náà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin láti Òjé àti Bẹẹrẹ, àwọn tí wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, àwọn tí wọ́n ń ta ẹ̀pà àti omi lẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tí ó wọ inú èsì nínú wọn. Àwọn gan-an ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di ti Ìbàdàn.

Ta ni ó ń rán ayàwòrán níṣẹ́?

Ní àkókò tiwa yìí, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára wọn ti gba ipò ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Kehinde Wiley, tí orúkọ rẹ̀ ti fi han ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá pé ìbejì ni, ya àwọn agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà mẹ́ta fún ife àgbáyé ọdún 2010: Samuel Eto'o, John Mensah àti Emmanuel Eboué. Bí a ti máa ń ya ọba ni ó yà wọ́n, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ tí ó bo gbogbo ẹ̀yìn wọn. Chris Ofili, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Manchester, ṣe àwòrán ìpolówó kan fún Òlíḿpíìkì London ọdún 2012. Ó ya asáré kan lọ́nà tí ó mú ni rántí ìkòkò àwọn ará Gíríìsì, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún asáré tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà àti aṣọ eré ìdárayá, Puma, ni ó rán Wiley níṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ìdíje London ni ó rán Ofili. Ẹni tí ó ránni níṣẹ́ ni ó ń yan ẹni tí a óò yà. Kò burú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, àwọn tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni a óò máa rántí.

Ẹni tí ó bá dúró ní Mọníyà, níbi tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti yà kúrò lára ọ̀nà Ọ̀yọ́, yóò rí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Kìnnìún àti idì wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, òwe wà níwájú rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù sì wà lára pátákó onígbàjámọ̀. Kò yẹ kí a fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ wọ̀nyí. Owó onímọ́tò àti onígbàjámọ̀ ni ó ń rán wọn, ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ni wọ́n sì ń yà. Àléébù méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, agbábọ́ọ̀lù òkè òkun ni ó pọ̀ jù lára wọn. Èkejì, ọkọ̀ a máa gbó, wọn a sì tún un kùn. Bí ọ̀dà tuntun bá ti gorí àwòrán, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a kò bá bá ìtàn, a óò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò ní ojú, kò ní imú. Kò lè sọ bí Muda Lawal ṣe ń yí bìrí.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá rẹ̀. Kò gba owó púpọ̀: eédú tàbí ṣọ́ọ̀kì, àti ìwé tí a ti lo ojú kan rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ yàwòrán kí èsì tó jáde. Ọmọ tí ó bá ti mọ ẹni tí ó borí yóò ya ife àti ẹ̀rín. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n yóò wo ara.

Lẹ́yìn náà, kí ó lo èdè. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé ìlànà àwòrán ni wọ́n. A ní ẹnì kan fò fẹ̀rẹ̀, òmíràn ṣubú gbì, òmíràn yí bìrí, òmíràn dúró gangan, òmíràn nà gbọọrọ. Kí olùkọ́ béèrè pé: irú ìlà wo ni fẹ̀rẹ̀? Irú ìlà wo ni gbì? Kíá ni ọmọ yóò rí i pé ìlà tín-ín-rín tí ó ń gòkè ni ti ìṣáájú, pé ìlà tí ó nípọn tí ó sì kúrú ni ti èkejì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ èdè àti iṣẹ́ ọnà yóò di ọ̀kan. Ó tún lè ní kí ọmọ kọ́kọ́ ki eléré tí ó fẹ́ yà ní ìlà mẹ́rin, kí ó tó mú eédú.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí a yà, orúkọ ẹni tí ó yà á, ibi tí a ti yà á àti ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, kí ilé ẹ̀kọ́ sì fi pamọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé yẹn yóò ti di ìtàn. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí ó ṣe ipò kẹfà ní ọjọ́ náà ni yóò wà nínú àwòrán tí ó dára jù. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Òun náà sáré.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin fọ́tò eléré ìdárayá àti àwòrán rẹ̀? Fi iṣẹ́ Ernie Barnes ṣe àpẹẹrẹ.
2. Kí ni a lè rí fà yọ nínú orúkọ náà, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, nípa ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà wo ara ènìyàn? Wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ méjì mìíràn.
3. Bí wọ́n bá ní kí o ya àwòrán kan fún ìrántí eré ìdárayá ní àdúgbò rẹ, ta ni ìwọ yóò yà: eléré ni, àbí òǹwòran? Sọ ìdí rẹ̀.